Orúkọ Tí Bọ́tìnnì Kò Pè

"Ó tún ti kọ̀ o," Aunty Àsúmáù ké láti ìdí kọ̀ǹpútà. "Bàrákàt, wá wo nǹkan yìí. I've pressed it like six times, kò dá mi lóhùn."

Bàrákàt gbé páálí dàbínù tó ń tò sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn àga ìyá náà. Ọ́fíìsì mọ́sáláṣí ni wọ́n wà, yàrá kékeré kan lókè, ní àdúgbò kan lẹ́yìn Rye Lane, níbi tí òórùn ẹja díndín ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Aunty Àsúmáù ni olórí ìgbìmọ̀ tó ń fi oúnjẹ ìṣínu ránṣẹ́ sí àwọn àgbàlagbà tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè wá sí mọ́sáláṣí. Ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, orúkọ àti àdírẹ́sì wọn sì wà nínú ìwé onílà kan lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò. Lókè ìwé náà, láàárín àwọn bọ́tìnnì tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gbé wá, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọládiméjì ṣe sí i kó tó kó lọ sí Leeds. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà á ṣa orúkọ jọ, á tò wọ́n bí òpópónà ṣe tẹ̀ léra, á kọ déètì òní sókè, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún awakọ̀. Macro ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èèyàn á kọ àṣẹ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kọ̀ǹpútà á sì máa jẹ́ ẹ nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é. Aunty Àsúmáù kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì wù ú láti mọ̀ ọ́n. "Bọ́tìnnì Ládi" ni tirẹ̀.

Bàrákàt tẹ bọ́tìnnì náà. Àpótí kékeré kan yọ, ó ní òun kò rí fáìlì tí òun ń wá.

"Fáìlì wo ni kò rí?" Aunty Àsúmáù fi ìka gún ojú kọ̀ǹpútà. "Ṣebí òun nìyí. It's open, I'm looking at it!"

Ìyá tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló ṣe ẹ̀dà fáìlì ọdún tó kọjá, ó sọ ẹ̀dà náà ní 2026, ó yọ orúkọ Bàbá Ọláoyè tó kú ní oṣù kọkànlá kúrò, ó sì ní kí Bàrákàt fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kún un. Lẹ́yìn náà ló gbé fáìlì 2025 lọ sínú àpò mìíràn tó pè ní "Ti Àtijọ́", kó má baà máa dí wọn lọ́wọ́. Àtìgbà náà ni bọ́tìnnì Ládi ti yarí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàrákàt. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí Elephant and Castle, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá ibi kan tí yóò ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí ogójì. Fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá ibẹ̀ máa buwọ́ lù wà nínú báàgì rẹ̀. Ìbéèrè kan wà lórí rẹ̀ tó ń dà á lọ́kàn rú: ìṣòro wo ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí yanjú? Títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, dàbínù nìkan ló ti tò.

"Nọ́ńbà Ládi wà lára ògiri yẹn," Aunty Àsúmáù ní. "Tí kò bá yé ọ, pè é."

"No, Aunty, it's calm. Ó yé mi."

Kò yé e. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́, ó sì jókòó tì í fún odindi wákàtí kan. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án. Ó bi fóònù rẹ̀ léèrè, fóònù fún un ní ìdáhùn mẹ́sàn-án tí kò bára mu. Níkẹyìn ló gbé fáìlì 2025 padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, láìnídìí kan pàtó, bí èèyàn ṣe ń mi tọ́ọ̀ṣì tí kò tàn. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà kò sọ pé òun kò rí nǹkan mọ́. Àpótí mìíràn ló yọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: *2025 list. Continue?*

Bàrákàt wò ó. Ó tún ka 2025 náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé orúkọ àtijọ́ lásán ni, pé ṣebí láti ara fáìlì èṣí ni wọ́n ti ṣe ẹ̀dà tuntun. Ó tẹ "Yes". Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ìwé méjì jáde, déètì ọjọ́ náà wà lókè wọn, orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì pé sínú wọn.

"Alhamdulillah!" Aunty Àsúmáù pàtẹ́wọ́. Kó tó di pé Bàrákàt nawọ́ mú ìwé náà, ó ti kó o fún Uncle Làtíìfù tó ń wa ọkọ̀ oúnjẹ, ó sì ti ń pe ìyá Bàrákàt lórí fóònù. "Ẹ kú oríire o! Ọmọ yín ti gbà wá!"

Ohùn ìyá rẹ̀ dáhùn láti ibi iṣẹ́, ó ròkè débi pé Uncle Làtíìfù náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi nìyẹn! Kọ̀ǹpútà, ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn ni. I've told them on the group chat!"

Ó ti sọ fún wọn lórí group chat. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nǹkan tí ìyá yín bá ti gbé sórí group chat, kò sí ẹni tó lè gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

"But that box," Aunty Àsúmáù ní, "èyí tó ń béèrè ìbéèrè yẹn, mi ò fẹ́ ẹ o. Ọjọ́ kan ni màá tẹ èyí tí kò yẹ. Can you make it go?"

Bàrákàt ṣí ibi tí àṣẹ macro náà wà. Kò pẹ́ tó fi rí ìlà tó ń gbé ìbéèrè náà jáde. Ì bá ti dúró díẹ̀ kó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí Ọládiméjì fi kọ ọ́ síbẹ̀. Ì bá ti ní kí Uncle Làtíìfù dá ìwé padà kí òun fi wé fáìlì tuntun, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Ó pa ìlà náà rẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ṣiṣẹ́ láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ń lọ sílé, ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Ràfíátù.

Ilé gogoro kan nítòsí Queens Road ni Ìyá Ràfíátù ń gbé, ní àjà kẹrin. Òun ló tọ́jú Bàrákàt láti ọmọ ọdún méjì títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù ní Lewisham nítorí ìtọ̀ ṣúgà, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí Bàrákàt fi orúkọ rẹ̀ kún fáìlì tuntun.

"Dókítà ní kí n má gbààwẹ̀," màmá náà ní, ó ń fi ẹ̀rín pa ọ̀rọ̀ náà. "Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ni mo gbọ́."

"Mama! Ẹ ò serious."

"Wọ́n ti yí àsìkò abẹ́rẹ́ mi padà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, mo gún abẹ́rẹ́, mo jẹun lójú ẹsẹ̀. Ó tán."

"Okay, but ẹ má dáná o. Ẹ máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ jù. Food máa dé kí ẹ tó ṣínu, every day. I put your name there myself."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi."

"Ó ti parí nìyẹn," ni Ìyá Ràfíátù wí, ó sì ní kó mú bisikíìtì lórí tábìlì.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì, Bàrákàt tẹ bọ́tìnnì ní aago mẹ́ta, ìwé jáde, Uncle Làtíìfù kó ike oúnjẹ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sínú ọkọ̀ funfun, ó lọ, ó sì padà pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo. Kò sí oúnjẹ tó ṣẹ́kù, kò sí èyí tí kò tó. Àwọn obìnrin tó ń dáná oúnjẹ náà nídìí àdògán bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bàrákàt ní "Engineer". Ó ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ kíkankíkan.

Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti ṣínu, wọ́n ti kírun Mọ̀gàríbì, wọ́n ń palẹ̀ àwo mọ́ nígbà tí fóònù Aunty Àsúmáù dún. Agnes ló ń pè, opó Bàbá Ọláoyè. Ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń lọ ní tirẹ̀, mọ́sáláṣí ni ọkọ rẹ̀ ń lọ, ogójì ọdún ni wọ́n sì fi gbé pọ̀ láìjà lórí rẹ̀. Àjà ìsàlẹ̀ nínú ilé gogoro kan náà pẹ̀lú Ìyá Ràfíátù ló ń gbé. Aunty Àsúmáù fi í sórí speaker nítorí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ṣẹ.

"Àlàájà, ambulance ń gbé Ìyá Ràfíátù lọ báyìí o," Agnes ní. Ó ń mí gulegule. "Mo bá a nílẹ̀ ní kitchen. Kò tiẹ̀ lock door. Wọ́n ní kí n fi oyin sí i lẹ́nu, I put honey, ó ti lajú. But she's weak, Àlàájà. She's very weak."

"Lá ìláhà illallah. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀?"

"Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Catford. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo gòkè. Sàráà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ fún ọkọ mi, mo ní kí n pín in fún òun náà, ṣebí Mùsùlùmí ẹgbẹ́ yín ni. Mo tiẹ̀ fẹ́ pè yín láti dúpẹ́. Three days! Ẹ ò gbàgbé rẹ̀."

Aunty Àsúmáù nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Sàráà wo, Agnes?"

"Oúnjẹ tí Làtíìfù ń gbé wá. Ó ń pe orúkọ ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kìíní ó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́, àfi ìgbà tó yé mi pé àdúrà ni ẹ ń fi ṣe fún un."

Bàrákàt gbé àwo ńlá kan dání. Ó gbé e sílẹ̀ kó má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn. Ọkọ̀ funfun ń dé ẹnu ilé gogoro náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àjà ìsàlẹ̀ ló ń já oúnjẹ sí. Ìyá Ràfíátù ń wò ó láti ojú fèrèsé lókè. Lọ́jọ́ kìíní ó jẹ búrẹ́dì, ó ní bóyá kò tíì kan òun. Lọ́jọ́ kejì ó rẹ gààrí. Ọmọ rẹ̀ pè é, màmá náà dá a lóhùn pé oúnjẹ wà, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mọ́sáláṣí kò tọ́jú òun, ojú sì ń tì í láti pe Aunty Àsúmáù kó bèèrè oúnjẹ bí ọmọdé. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí nǹkan kan nílé mọ́ tó kọjá dàbínù. Ó rí ọkọ̀ náà tó dúró nísàlẹ̀, ó ní tòun ń bọ̀ lónìí, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ de ẹni tó máa gbé e wá, ó sì gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ kò dé tẹ̀ lé e, ṣúgà ara rẹ̀ sì já wálẹ̀.

Uncle Làtíìfù mú ìwé ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lápò. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. "Àlàájà, ẹ wò ó. Ohun tí ẹ bá kọ fún mi ni mo ń gbé. Ọláoyè, flat three. Look. Mo rò pé orúkọ ìdílé ni ẹ ṣì fi sílẹ̀. Mi ò kì í wo ẹni tó kú tó yè, ìwé ni mò ń wò."

Aunty Àsúmáù wọ gíláàsì rẹ̀. Ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó tún kà á, kò rí orúkọ Ìyá Ràfíátù níbì kankan. Ó jókòó.

"Èmi ni," ó ní. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, mo mọ̀. I must have deleted the wrong person. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe é. Mo máa sọ fún Imam lọ́la pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," Uncle Làtíìfù ní, ṣùgbọ́n kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Kò sí ẹni tó wo Bàrákàt. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ká ní ẹnì kan wò ó, ì bá sunkún, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ó rọrùn láti dákẹ́. Àgbàlagbà ti gbà pé òun lòun ṣe é, ìgbìmọ̀ á dárí jì í, bọ́tìnnì á sì jẹ́ ìṣòro ẹlòmíràn. Àánú Aunty Àsúmáù ṣe é, ẹ̀rù sì bà á ju àánú lọ. Ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó gòkè lọ sí ọ́fíìsì bí ẹni tó fẹ́ mú kóòtù.

Ó ṣí fáìlì 2026. Orúkọ Ìyá Ràfíátù wà níbẹ̀ ní ìlà tó kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Lórí ìwé tó jáde, Ọláoyè ló wà níbẹ̀. Ó pe nọ́ńbà tó wà lára ògiri.

"Bróòdá Ládi, ẹ kú ààwẹ̀. Èmi ni Bàrákàt, láti mọ́sáláṣí. The button is printing the wrong list."

"Ṣé ẹ ṣe copy fáìlì ni?" Ọládiméjì bèèrè lójú ẹsẹ̀.

"Yes."

"Ehn, wò ó. Bọ́tìnnì yẹn, inú fáìlì kọ́ ló wà. Orí toolbar, ìlà òkè yẹn, ló wà. It only remembers the file I made it for. Tí ẹ bá ṣe copy, ẹ̀yin ń wo tuntun, but every time you press, ó ń lọ ṣí ti àtijọ́ lẹ́yìn, ó ń kó orúkọ láti ibẹ̀. Ìdí tí mo ṣe fi ìbéèrè síbẹ̀ nìyẹn. Once the year changes, it asks. Ṣé kò bi yín ni?"

"Ó bi mí."

"So what did you press?"

"Mo tẹ Yes. Then Aunty said she didn't like it, so I deleted the line."

Ọládiméjì kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní kó yọ bọ́tìnnì náà kúrò lórí ìlà òkè, kó ṣe òmíràn síbẹ̀, àti pé nígbà tó bá ń yan macro tí bọ́tìnnì tuntun máa pè, kó wo orúkọ fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Méjì ló máa rí, 2025 àti 2026. Kó mú 2026. Lẹ́yìn náà kó dá ìlà ìbéèrè padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà wọ́n. Bàrákàt tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi ìka tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan láti ara kọ̀ǹpútà dé ara ìwé, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò fo ọ̀kan.

"It's a ten-minute thing," Ọládiméjì ní kó tó gbé fóònù sílẹ̀. "Why didn't you call me when it asked?"

Bàrákàt dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, Aunty Àsúmáù ń wọ kóòtù láti lọ sí ọsibítù. Bàrákàt dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aunty, kì í ṣe ẹ̀yin," ó ní. "Èmi ni. Ẹ ò pa orúkọ kankan rẹ́. I didn't fix it. I just made it stop asking."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níṣojú Uncle Làtíìfù, níṣojú àwọn obìnrin ìdí àdògán, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀. Kò fi Aunty Àsúmáù ṣe àwáwí pé òun ló ní kí àpótí náà lọ. Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó pè é ní Engineer.

"O rí i pé 2025 ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Aunty Àsúmáù bi í.

"Mo rí i."

"O sì sọ fún mi pé ó yé ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Aunty."

Aunty Àsúmáù dí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ títí dé ọrùn, ó sì jáde lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, òun àti ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lewisham. Ràfíátù, ọmọ màmá náà, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ iṣẹ́ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"My mum could have died, Bàrákàt," ó ní. Kò gbé ohùn sókè. "Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ká ní Aunty Agnes jẹ oúnjẹ yẹn tán, kó má gòkè."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," Ràfíátù ní, ó sì jáde lọ wá omi.

Ìyá Ràfíátù jókòó ti ìrọ̀rí, ó ti rù díẹ̀ sí i. Ó fọwọ́ gbá orí bẹ́ẹ̀dì kí Bàrákàt wá jókòó. Bàrákàt kúnlẹ̀ sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, ẹkún tó ti ń dì mọ́ra láti àná sì tú jáde.

"Nígbà tó o rí i pé kò yé ọ," màmá náà bi í, "kí ló dé tó ò sọ pé kò yé ọ?"

"Ojú ń tì mí, Mama."

Ìyá Ràfíátù fà á mọ́ra. "Ojú ń ti èmi náà láti pè. Mo ní wọ́n á sọ pé arúgbó yìí lójúkòkòrò. Èmi wà lókè, mo dákẹ́, ìwọ wà ní ọ́fíìsì, o dákẹ́. Agnes nìkan ló gòkè wá wò." Ó nu ojú ọmọ náà pẹ̀lú etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ o. Ní báyìí, mo ti gbọ́ dáadáa."

Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, Aunty Àsúmáù mú Bàrákàt lọ sọ́dọ̀ Agnes. Òun ló ní kí Bàrákàt fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nínú gbogbo ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ti Agnes ló ṣòro fún un jù, nítorí obìnrin náà ti fi tayọ̀tayọ̀ gbé ìjókòó fún wọn lábẹ́ fọ́tò ọkọ rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe sàráà ni?" Agnes bèèrè.

"No, Aunty. Àṣìṣe ni. My mistake."

Agnes wo fọ́tò náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Aunty Àsúmáù kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àṣìṣe ni, Agnes. Láti òní lọ, sàráà ni. Bàrákàt á kọ orúkọ rẹ sí i. Orúkọ tìrẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe di méjìdínlọ́gbọ̀n.

Aunty Àsúmáù kò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó ní kò tíì sí nǹkan tí òun máa kọ síbẹ̀. Déètì tí ó yẹ kí Bàrákàt fi í sílẹ̀ kọjá, wọ́n sì gé lára máàkì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sórí group chat pé ọmọ òun ló ṣàṣìṣe, kò sì sẹ́ni tó fèsì. Lójoojúmọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti pa, Bàrákàt ń bá Uncle Làtíìfù jókòó nínú ọkọ̀ funfun, òun ló ń gbé oúnjẹ gòkè, ó sì ń fi bírò sàmì sí orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ni ín. Ẹsẹ̀ máa ń ro ó. Ẹ̀rọ agbéniròkè kì í ṣiṣẹ́ nínú ìdajì àwọn ilé náà.

Ó tún nǹkan kan kọ sínú macro náà, lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́ sí Ọládiméjì kó bá òun wò ó. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, ìbéèrè kan á yọ ní Yorùbá kó tó tẹ̀wé: *Fáìlì 2026. Orúkọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ ti kà wọ́n?* Aunty Àsúmáù kò ní kó mú un kúrò. Á ka orúkọ sókè níkọ̀ọ̀kan, Bàrákàt á máa fi ìka tẹ̀ lé e. Ohun tí ọmọ náà kọ́ nínú oṣù yẹn kò ju èyí lọ: àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń gbà láti wò ó sàn bí èèyàn bá lè sọ ọ́ jáde, bíbo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ ni ẹlòmíràn fi ń jìyà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀, ọkùnrin kan wá láti mọ́sáláṣí kan ní Catford. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì Aunty Àsúmáù, ó ní wọ́n ní ọmọ kan wà níbí tó mọ̀ nípa macro, pé tiwọn náà ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ dé.

Bàrákàt wò ó. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, ó tún kà á.

"Ṣé wàá lè ṣe é?" ọkùnrin náà bèèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà," Bàrákàt ní. "Èyí yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ó ti ń tẹ nọ́ńbà Ọládiméjì nígbà tó gbọ́ tí dúrọ́ọ̀ tábìlì ṣí. Aunty Àsúmáù ti mú fọ́ọ̀mù náà jáde, ó ti wọ gíláàsì rẹ̀, ó sì ń wá bírò.